Ẹja Méje Lórí Pákó

Iwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni Merahi dúró sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pákó tó gbẹ́. Bó ti parí ìlà kan, ó dorí pákó náà kodò bí àwọn baba ńlá wọn ti máa ń ṣe, ó sì fi ìka tọ ìlà tó kàn.

"Ẹja méje nìyí," ló wí. "Gbogbo wọn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bàbá àgbà sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé eéje ni nọ́ńbà ìsinmi òkun. Bí oṣù tuntun bá pé ọjọ́ méje, òkun máa ń sùn lápá ìwọ̀-oòrùn."

Ìdíje pákó gbígbẹ́ àti kíkà ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń ṣe. Kò sí ẹni tó lè ka rongorongo, ìkọ̀wé ayé àtijọ́ tó wà lára pákó, mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti bá a wọlẹ̀. Ojúlówó pákó kan kò tilẹ̀ kù sí Rapa Nui, erékùṣù wọn, gbogbo wọn ló ti wà lókè òkun. Ẹni tó bá gbapò kìíní nínú ìdíje yìí ni wọn yóò mú lọ wò wọ́n. Láti kékeré ni Merahi ti ń lá àlá ìrìn-àjò yẹn, òun ló sì mú un purọ́. Bàbá àgbà kò sọ ohunkóhun fún un nípa pákó rí, àfi pé kó má fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀.

Òun ló gbapò kìíní. Bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, ó rí bàbá rẹ̀, Iovani apẹja, lápá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tó ń nu omijé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìró ìgbì ló jí Merahi. Ilẹ̀ ń mì tìtì.

"Bàbá ẹ ti wọkọ̀ lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Mo ní kó wo àsíá pupa tí wọ́n ta létíkun nítorí ewu. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ohun tóun ń ṣe lónìí."

Merahi ṣírò ọjọ́ oṣù. Ó pé méje. Ó sáré lọ bá Hinariru, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ pé irọ́ ló pa.

"Panu mọ́ jàre!" ni Hinariru wí. "Tó o bá jẹ́wọ́, Tepano onímú gígùn tó gbapò kejì yẹn ni wọ́n máa gbé ipò ẹ fún. Bàbá ẹ mọ òkun ju ẹja lọ. Kó tó di ọ̀sán, á ti dé."

Merahi panu mọ́. Ọ̀sán pọ́n, Iovani kò dé.

Létíkun, Keremo, àbúrò Iovani, ti kó àwọn apẹja jọ. "Àríwá ló máa ń pẹja sí. Ibẹ̀ ni ká forí lé."

"Bọ̀dá Keremo, ẹ má lọ àríwá," ni Merahi wí. "Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n wà."

"Orí ẹ pé ṣá? Kí ló máa wá débẹ̀? Ìgbì ibẹ̀ ga ju ilé lọ lónìí!"

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀. Hinariru ń ṣẹ́jú sí i pé kó panu mọ́. Merahi kọjú sí Keremo.

"Irọ́ ni mo pa nípa ẹja méje yẹn. Bàbá àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló gbà á gbọ́."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Keremo wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó wá kígbe sí àwọn tó kù: "Ẹ yí orí ọkọ̀ padà!"

Wọn kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń ka ìgbì láìmọ̀. Bó bá ti kan ẹẹ́fà, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kò jẹ́ ka èyí tó tẹ̀lé e.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbé Iovani dé. Àpáta ti fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ara pátákó kan ni wọ́n ti bá a, tó dì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, ó pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Merahi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Iovani kọjú sí ògiri.

"Ẹsẹ̀ á san. Àmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo rò pé bàbá mi fi nǹkan sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti Merahi kò lọ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ọmọ aláìníbaba. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi irọ́ sẹ́nu òkú. Òkú kò lè dìde wá sẹ́ ẹ. Alààyè tó gbà á gbọ́ ni yóò forí fá a.