Wákàtí Mẹ́ta Ni, Kì í Ṣe Márùn-ún

"Wákàtí márùn-ún ni. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbogbo wa simi," ni ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn sọ sí Olóríkunkun létí. Ọ̀gá Fóònù ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin yìí, nítorí kò sí ìdánwò tí kì í gbé fóònù pamọ́ wọ̀. Olóríkunkun náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì bí i nínú. Ó mọ̀ pé orí òun le.

Ìbéèrè tó kù nínú ìdánwò náà nìyí: báwo ni ìlú wọn ṣe jìnnà tó sí olú-ìlú kan ní òdì kejì aṣálẹ̀? Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ òfurufú tó ń sáré ẹgbẹ̀rin kìlómítà ní wákàtí kan máa fi dé ibẹ̀? Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò bá olùkọ́ wọn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú yẹn gan-an, láti ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje. Nílé Olóríkunkun, kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfurufú rí.

Ó ti fi rúlà wọn àwòrán ilẹ̀: ẹgbèjìlá kìlómítà. Wákàtí mẹ́ta ló rí. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó pa mẹ́ta rẹ́.

"Àbí ìwọ lo máa gbọ́n ju fóònù lọ?" ni Ọ̀gá Fóònù tún wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́ta náà ni. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà débi pé bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ̀ tìrẹ ti balẹ̀, tiwa ṣì wà lókè." Olóríkunkun wo ojú gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wọlé. "Ta ló wa ọkọ̀ òfurufú gba orí títì?"

Ó gbé àwọn bébà ìdánwò wọn sórí tábìlì.

"Ẹgbàajì kìlómítà tí ẹ kọ, ọ̀nà mọ́tò nìyẹn, tó ń yí aṣálẹ̀ po. Òfurufú ò ní kọ́nà. Ẹnì kan béèrè ọ̀nà mọ́tò lọ́wọ́ fóònù, gbogbo yín sì bá a wọ mọ́tò."

Òdo ni gbogbo àwọn tó kọ márùn-ún gbà níbẹ̀. Olóríkunkun nìkan ló gbà á, òun ló sì ń lọ.

Nílé, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ké sí aládùúgbò láti ojú fèrèsé: "Ọmọ tẹ́ ẹ ní orí ẹ̀ le jù, orí líle yẹn ló ń gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú o."

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ni. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Fóònù dé. "Jọ̀ọ́, kọ́ mi bí o ṣe wọ̀n ọ́n."

Olóríkunkun na rúlà sí i. "Mo ṣì ń bínú sí ẹ. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀. Mú rúlà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn tí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe rí i kì í ṣe tiyín. Èyí tí ẹ bá sì fi làágùn rí, tí ẹ tún un wò tó ṣì dúró, ẹ má ṣe pa á rẹ́ nítorí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni.