Àmì Wínníwínní Ojú Tóyọ̀sí

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àwọn ẹbí Jùwọ́n, ọkọ àfẹ́sọ́nà Tóyọ̀sí, wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ẹ́ nílé wọn ní Festac, gbogbo ètò ló tẹ́ ìyá rẹ̀, Ọlábùnmí, lọ́rùn, àfi ojú ọmọ. Apọ́nbéporé ni Tóyọ̀sí, àmì wínníwínní sì wà lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

"Mọ́mì, ẹ fojú mi sílẹ̀ jàre. Kò dùn mí, kò yún mí. Jùwọ́n gan-an fẹ́ràn ẹ̀."

"Jùwọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ìyá ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní àrùn ló ń ṣe ẹ́!"

Ni Ọlábùnmí bá gba ọjà Alákijà lọ, ó ra ìpara àpòpọ̀ tó ń bóra nínú ike tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi pa ojú ọmọ láràárọ̀, Tóyọ̀sí á sì bọ́ sínú oòrùn lọ síbi iṣẹ́.

Lóòótọ́, àmì náà kọ́kọ́ ń parẹ́, inú ìyá sì ń dùn. Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọmọ. Ó bó, ó wá dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò.

Ní ọsibítù, Dókítà Jayéọlá, tó ń tọ́jú awọ ara, mi orí.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ pa rẹ́?"

"Àwọn àmì kan ni, dókítà. Mo rò pé àrùn ni."

"Kì í ṣe àrùn o, kì í sì í ranni. Ó máa ń wà nínú ìdílé àwọn tó pupa, oòrùn ló ń mú un hàn sí i. Ta ló ní in nínú ẹbí yín?"

Ọlábùnmí fẹ́ ní kò sí. Àfi bí ó ṣe rántí Gbọ́lágadé, ọkọ rẹ̀ tó kú nígbà tí Tóyọ̀sí ṣì ń rá. Àmì yìí kan náà ló wà lórí imú rẹ̀, Ọlábùnmí fúnra rẹ̀ a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Àwòrán ọkọ rẹ̀ lára ògiri ló ti ń wò látìgbà tó ti kú, ayàwòrán sì ti tún ojú yẹn ṣe, kò jẹ́ kí àmì kankan hàn. Àbámọ̀ bò ó.

"Bàbá ẹ̀ ló ní in, dókítà. Ṣé ojú ọmọ mi á padà bó ṣe wà?"

"A máa tọ́jú ẹ̀. Dúdú yìí lè ṣí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé ojú náà máa rí bíi ti tẹ́lẹ̀."

Nínú mọ́tò, Tóyọ̀sí fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé bójú mi ṣe rí tẹ́lẹ̀ lojú Dádì rí? Mi ò mọ̀ rárá."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ọmọ mi. Má bínú."

Ẹ̀yin òbí, àmì wínníwínní kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fi ìpara bó o. Fìlà, agbòòrùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn ni kí ẹ fi dáàbò bò ó. Bí àmì kan bá ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà, tó ń yún tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà. Kí ẹ sì tó sọ pé àmì ojú ọmọ kò dára, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé pé ojú ta ni ọmọ náà gbé wáyé.