Wọ́n Ní Ẹsẹ̀ Tíṣà Ni

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan bá Tíṣà sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lójú kan." Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú yàrá ìkẹ́rù ilé-ìwé, ó ń de ẹ̀rọ kan tó rí bí ìkòkò kékeré mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì lábẹ́ òkè oníná tó wà lẹ́yìn ìlú, ó sì ń fi ohun tó bá gbọ́ ránṣẹ́ sí ibùdó tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé ẹsẹ̀ tèmi náà lè dé ọ̀hún?" Tíṣà béèrè.

"Bí ẹ bá ń rìn bí erin báyìí, á dé."

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yìí ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Inge Lehmann, ará Denmark, tó fi ìmìtìtì ilẹ̀ mọ̀ pé ohun líle kan wà ní àárín gbùngbùn ayé, nígbà tí àwọn onímọ̀ rò pé irin yíyọ́ ni gbogbo ibẹ̀. "Kò gbẹ́lẹ̀ o," obìnrin náà ní. "Ó kàn tẹ́tí ni." Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń pe obìnrin náà ní Etí-Ilẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí Tíṣà lọ́kàn.

Ìfẹ́ náà wọ àwọn méjèèjì lára. Nígbà tí Etí-Ilẹ̀ kò bá sí nítòsí, Tíṣà a máa lọ sídìí ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án, a máa rìn síwá sẹ́yìn. Kí ló ń wá níbẹ̀? Ẹni tí ìfẹ́ ń pa kì í ní ọgbọ́n púpọ̀. Etí-Ilẹ̀ rí àmì rẹ̀ ní ibùdó, ó rò pé òkè fẹ́ bú gbàmù, ó sáré wá sí ilé-ìwé, ó sì ká Tíṣà mọ́bẹ̀.

"Ìwọ lò ń mi ilẹ̀ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Àárò rẹ ló sọ mí, ọ̀wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ibùdó, wọ́n sì sọ ọ́ di àwàdà. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ ilé-ìwé bá ti mì díẹ̀, Ọ̀gá ibùdó á ní, "Tíṣà ti dé," á sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ìyá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin tó ń gun òkè oníná lọ bu èéfín rẹ̀ sínú ìgò, òun lo fẹ́ fi ṣe ìyàwó?" ó ní. "Wegener tó o máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀, ẹni tó ní àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ń rìn, ibo ló kú sí?"

"Orí yìnyín ni, Màámi, lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ."

"Mo gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òótọ́ yẹn ló ń bá a jẹun?"

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá Tíṣà ń ba òun náà, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nígbàkigbà tí Etí-Ilẹ̀ bá gòkè, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo òkè títí obìnrin náà á fi dé.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, Etí-Ilẹ̀ tún gòkè. Ara Tíṣà kò lélẹ̀, ó gba ibùdó lọ láti béèrè ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ, níbi tí ìlà tó wá láti ẹ̀rọ ilé-ìwé ti ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Wò ó, Tíṣà. Láti àárọ̀ lo ti ń jó nílé-ìwé. Ìfẹ́ yìí mà le o."

Tíṣà wo ìlà náà. Ó ṣì ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ òun rèé lórí ìdúró níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "mi ò dé ilé-ìwé láti ìjẹta. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Títì ni ilẹ̀kùn wà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọ̀gá. Ó fa rédíò mọ́ra, ó pe Etí-Ilẹ̀. Rédíò ń hó ṣàà, kò sí ohùn ènìyàn. Ó tún pè. Tíṣà di etí tábìlì mú. Èmi ni mo pa á, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ìwà ọmọdé mi ló pa á.

"Mò ń gbọ́," ohùn Etí-Ilẹ̀ dé, jẹ́jẹ́. "Ó ku ìgò kan."

Tíṣà já rédíò gbà lọ́wọ́ Ọ̀gá. "Fi ìgò sílẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ohun tí wọ́n ń rí láti àárọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi o, òkè ni. Máa sáré bọ̀."

Kò béèrè ìdí. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òkè bú gbàmù. Fèrèsé ibùdó gbọ̀n, eérú bo oòrùn lójú, ọ̀sán sì ṣókùnkùn. Tíṣà sáré dé ibi tí ọ̀nà pin sí lẹ́sẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a, ó fi ìborùn bo imú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi."

"Mo mọ̀." Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ń ba èmi náà."

Wọ́n dúró. Eérú ń dà lé wọn lórí. Nígbà tó yá, ẹnì kan yọ nínú òkùnkùn náà, eérú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà ẹyọ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tíṣà gbá a mọ́ra.

"Mi ò ní tàn ọ́, olólùfẹ́," Etí-Ilẹ̀ ní. "Bí òkè bá rọlẹ̀, màá tún lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù á máa bà mí. Jẹ́ ká fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀."

Etí-Ilẹ̀ yíjú wo ìyá Tíṣà. Ìyá náà tú ìborùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu eérú lójú ọmọbìnrin náà, díẹ̀díẹ̀.

"Nígbà tó o bá tún ń lọ," ó ní, "má ṣe sọ fún ọkọ rẹ nìkan. Sọ fún èmi náà, kí n mọ ìgbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù."