Ilé Tí Ó Kọ Sínú Ìwé

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ má tíì jù ú nù. Ìtàn ọ̀mùtí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kì í sì í ṣe ti olè. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í mutí, kì í jalè, aṣọ rẹ̀ sì máa ń funfun nigín-nigín. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ tí mo ti gbọ́ ìròyìn wọn, òun ló rí mi lára jù.

Gègé Wúrà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá ní kúkúrú: dókítà, oníṣòwò, agbẹjọ́rò, agbábọ́ọ̀lù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ojú ìwé méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwòrán lókè, ọ̀rọ̀ dídùn nísàlẹ̀. Bí ó bá kó wọn jọ tán, wọ́n á tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ńlá kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ le, irú èyí tí àwọn èèyàn ńlá máa ń gbé sórí tábìlì yàrá àlejò kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i.

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. Ọ̀gá tó ń gbá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ létí, Gègé Wúrà á kọ ọ́ pé "kì í gba ìgbàkugbà." Ahun tí kò tọ́jú ìyá tó bí i, á ní "ó mọ iyì iṣẹ́ àṣekára." Èyí tó ti lé gbogbo ìyàwó rẹ̀ jáde, "ó fẹ́ràn ìdákẹ́rọ́rọ́." Kò sí ẹ̀gbin tí kò ní orúkọ tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onítọ̀hún á ka ara wọn nínú ìwé, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọ́n á sì gbà lóòótọ́ pé àwọn nìyẹn.

Kò tilẹ̀ fẹ́ràn wọn. Wọ́n ń rí i lára. Bí ó bá ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán báyìí, ilé ìwẹ̀ ló kàn. Ọṣẹ pẹnpẹ kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo, tó fi ọ̀rá wé. Á fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, á nù ún, á sì wí fún ara rẹ̀ pé: "Àwọn ló hùwà ìdọ̀tí. Èmi kàn kọ ọ́ ni." Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí nínú ilé Ọlọ́run, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, nítorí ẹni tó ni ibẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága, wà lára àwọn tó fẹ́ wà nínú ìwé. Onífọ́tò bá a lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni onífọ́tò yìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kan ń kọ, èkejì ń ya. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ sígbà náà ni onífọ́tò gba Jésù, Gègé Wúrà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di wòlíì.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ìtọ̀ tó ti gbẹ sórí ibùsùn, tó tún rin, tó tún gbẹ. Nínú ilé ìdáná, ìkòkò kan wà tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Oúnjẹ tuntun ni wọ́n ń dà lé èyí tó ti kan lórí. Gègé Wúrà ṣí ọmọrí rẹ̀. Ìdin ń rìn létí ìkòkò. Ó dá ọmọrí náà padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọn kò ní kó wọ̀.

Alága wá ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde fún àwòrán. Obìnrin kan gbé àpótí wá, aṣọ kan náà ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo wọn, ó mọ́, ó gún régé. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún wọn, wọ́n fi òróró ra wọ́n lójú kí ó lè máa dán. Onífọ́tò yà wọ́n. Bó ṣe ń kó kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò ló rí i tí obìnrin náà ń bọ́ aṣọ ọ̀hún kúrò lọ́rùn wọn, tó ń kó o padà sínú àpótí. Àwọn ọmọ dúró nínú àkísà tó ń rùn, wọn kò sunkún, ó ti mọ́ wọn lára.

Ojú kan náà ni onífọ́tò ti pa àwòrán náà rẹ́. "Mi ò lè fún un ní nǹkan yìí," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà rí ìkòkò yẹn."

"Ìkòkò wo?" ni Gègé Wúrà fèsì.

Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n pè wá ya Alága.

Gègé Wúrà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ pé nínú ilé Alága, "oúnjẹ gbígbóná kì í wọ́n, ibùsùn tó mọ́ wà fún gbogbo orí, ọmọ kankan kì í sì í rántí pé òun kò ní baba." Gbólóhùn yìí dùn mọ́ ọn nínú débi pé ó kà á sókè fún ara rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ra ìwé náà. Opó ni, aránṣọ, ọmọbìnrin kékeré kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kọ ló máa ń kà fún ọmọ náà, ọmọ náà sì ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Bàbá Oníwèé. Nígbà tó yá, wọ́n gba obìnrin náà síṣẹ́ ní ilé ìránṣọ ńlá kan nílùú mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò gba kí èèyàn mú ọmọ wá ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń dá gbé, kò sì fẹ́ ariwo ọmọ létí. Ilé Alága lọkàn rẹ̀ lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ilé tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yẹn, ṣé bó ṣe rí náà nìyẹn? Wọ́n ní àwọn máa ń gba ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ síṣẹ́. Mo fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni."

Ìkòkò yẹn dé síwájú ojú Gègé Wúrà. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, á di òpùrọ́ lójú àbúrò tó ń fi í yangàn káàkiri àdúgbò.

"Ṣé o ti rí irọ́ nínú ìwé mi rí ni?" ló wí.

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má bínú. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ó ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, pé òun á máa yọjú wo ọmọ. Obìnrin náà fi ọmọ síbẹ̀, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mọ ohun tí òun máa rí níbẹ̀.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí èébì ń gbé mi. Ọkùnrin yìí rí ìdin. Ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó wá jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ inú ìkòkò náà síwájú ọmọ àbúrò rẹ̀, torí kí wọ́n má baà sọ pé òun parọ́. Ohun tí ọkàn èèyàn lè ṣe nìyẹn nígbà tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní mímọ́.

Ilé ìwòsàn ló pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà ṣubú lẹ́nu géètì ilé Alága, àwọn tó ń kọjá ló gbé e wá, nọ́ńbà fóònù Bàbá Oníwèé tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ló sì kà fún wọn. Gègé Wúrà bá a lórí ibùsùn, ó ti rù kan egungun, orí rẹ̀ kún fún egbò tó ń ṣọyún, ikùn rẹ̀ le koránkorán. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ tó bàjẹ́ ló ti ń jẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé àwọn ń sa gbogbo ipá àwọn, ṣùgbọ́n àwọn kò lè ṣèlérí pé yóò yè é.

Ọmọ náà lajú. "Bàbá Oníwèé."

"Èmi nìyí, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi sọ fún màámi, wọ́n ṣì mí gbé lọ ni. Ilé yẹn kọ́. Ilé tí ẹ kọ sínú ìwé, ibòmíràn ni. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n mú mi lọ sí ti inú ìwé, wọ́n wá ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Kó tó rí nǹkan kan sọ, èébì gbé ọmọ náà, ó sì bì í sí Gègé Wúrà lọ́wọ́ méjèèjì.

Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú ọṣẹ rẹ̀ jáde, ó fọ ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́. Ó ń fi èékánná họ ara títí ó fi bó. Kì í ṣe èébì ọmọ náà ló ń gbóòórùn rẹ̀, ìkòkò ọjọ́ náà ni. Ó wá yé e pé nínú gbogbo àwọn tí òun ti ń tìtorí wọn fọwọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, kò sí èyí tó dọ̀tí tó òun. Alága kò mọ ọmọ náà rí. Òun mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọjọ́ yẹn bọ́ sí ọjọ́ tí onífọ́tò àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fọwọ́, ó sún mọ́ ọn.

"Kí ló dé tí o fi ń bó ara rẹ láwọ báyìí?"

"Mo rí ìkòkò yẹn," ni Gègé Wúrà wí.

Onífọ́tò ti ẹ̀rọ omi pa. "Mo mọ̀ pé o rí i."

Gègé Wúrà ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Mò ń rí ara mi lára. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe èèyàn báyìí."

"Òótọ́ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ," ni onífọ́tò wí. "Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń pa àpá ojú àwọn èèyàn rẹ́ kí wọ́n tó gba àwòrán wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún Ọlọ́run, mò ń gbé àwòrán ara mi tí mo ti tún ṣe lọ bá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò gbà á. Ìgbà tí mo gbé ojú mi gan-an lọ ni Jésù gbà mí. Irú àwa yìí ló kú fún. Kò kú fún àwọn tó wà nínú ìwé rẹ."

"Kí ni mo máa sọ fún àbúrò mi?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o sọ."

"Kò ní dárí jì mí."

"Ó lè má dárí jì ọ́. Ti Ọlọ́run la kọ́kọ́ ń sọ."

Gègé Wúrà kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, aṣọ funfun rẹ̀ wọnú omi ìdọ̀tí. Ó bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ Ọba onínúure, tí àánú rẹ gbòòrò ju òkun lọ..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn tó fi kọ ìtàn Alága nìyẹn, ó sì rí i lára. Ó dákẹ́. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ó ní: "Olúwa, mo rí i, mo sì kọ irọ́. Mo tún jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ lọ síbẹ̀. Jésù, wẹ̀ mí." Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi kún un. Ẹkún ló kù, ó sì sun ún.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kó tíì jókòó tó fi sọ fún un. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ti ìkòkò, ó sọ ti fóònù. Obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì ń fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ìka kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Gègé Wúrà mọ ìnuwọ́ yẹn. Ó ti ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn fún ọdún pípẹ́. Kò gbèjà ara rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Àwọn ọlọ́pàá ṣí ìkòkò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀kan nínú wọn sì sáré jáde lọ bì. Wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, wọ́n mú Alága lọ. Gègé Wúrà wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń gba ìwé náà padà, ó ń sọ fún àwọn èèyàn ńlá lójú pé irọ́ ni òun kọ nípa wọn. Wọ́n lé e. Ẹnì kan tutọ́ sí i lára. Ó nù ún kúrò, ó kọjá sí ilé tó kàn.

Ọlọ́run dá ọmọ náà sí. Irun rẹ̀ hù padà, ó padà sílé. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń wá wò ó, ẹnu ọ̀nà ló sì ń dúró sí, nítorí àbúrò rẹ̀ kì í ní kó wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bi í léèrè láti inú ilé pé: "Bàbá Oníwèé, ṣé ẹ ti rí ilé inú ìwé yẹn?"

"Kò sí ilé yẹn níbì kankan, ọmọ mi. Irọ́ ni mo pa."

Àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ nítòsí dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó wá ní: "Ẹ wọlé. Omi wà nínú garawa yẹn. Ẹ fọwọ́, ká jẹun."

Ìwọ tí ò ń kà á yìí, ta ló ń kọ ìtàn ayé tìrẹ? Ìwọ fúnra rẹ ni, mo sì mọ̀ pé o kọ ọ́ dáadáa. Ìbínú rẹ, o pè é ní ìgboyà. Ojúkòkòrò rẹ, o pè é ní ìtọ́jú ọmọ. Ọkọ rẹ gbà á gbọ́, tàbí ìyàwó rẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan wà tí o ti dá ọmọrí padà lé jẹ́jẹ́. Má bi mí pé ìkòkò wo. O rí i.

Ọ̀rẹ́, ọṣẹ rẹ kò lè wẹ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù lè wẹ̀ ọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ báyìí, kì í sì í ṣe ilé tí o kọ sínú ìwé ló ń wá. Kò ní sọ pé wọ́n ṣì òun júwe. Ó ti gbọ́ òórùn ibẹ̀ kó tó gbéra, síbẹ̀ ó wá. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sọ gbólóhùn kan péré fún un tí kò ní irọ́ nínú. Ṣe é lónìí, kí o tó fi ìwé yìí sílẹ̀.