Fìlà Olórí Àgọ́

Ọyẹ́ ti la gbogbo wa létè, kò sí òjò láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé wa tutù, omi sì ń kán lára rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì mi. Mo fi àkísà nù ún. Kí n tó yíjú padà, omi mìíràn ti dúró síbẹ̀. Mo rò pé ara àwọn Mùsùlùmí tó bá Yẹ̀kínì wá sí ìpàdé ni. Àwọn ènìyàn Yẹ̀kínì rò pé àlejò ọkọ mi ni. Bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò pè ṣe bá wa jẹ ẹ̀pà wa tán nìyẹn.

Ìpàdé ẹgbẹ́ là ń ṣe. Ọkọ mi, Tíṣà Ọlátúbọ̀sún, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Atikori, àdúgbò wa, fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, Mùsùlùmí àti àwa Aládùúrà. Ó ti gbọ́ níbì kan pé àwọn ọ̀làjú máa ń lọ pàgọ́ sí erékùṣù, kí wọ́n sùn sábẹ́ kánfáàsì, kí wọ́n máa wo omi. Ó ní àwa náà yóò lọ nígbà ìsinmi ọdún. Lọ́rì yóò gbé wa dé Abigi, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé wa dé erékùṣù kan láàárín ọ̀sà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi gbé ibẹ̀. Ó ní ìbéèrè aláìlàjú nìyẹn.

Orí èmi Zipporah ni gbogbo ìṣètò wá já lé. Èmi ni mo rán kánfáàsì, èmi ni mo wá gààrí, àtùpà àti néètì ẹ̀fọn. Èmi àti Asimawu, ìyàwó Yẹ̀kínì, la jọ ro ìkòkò tí a óò gbé. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ọkùnrin mú lọ́kùn-únkúndùn: ta ni yóò jẹ Olórí Àgọ́? Ìgbà ìbò ni ìgbà yẹn, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ló ń díje, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ di nǹkan. Ọkọ mi fẹ́ oyè náà. Yẹ̀kínì tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ náà fẹ́ ẹ. Wọ́n jiyàn títí ohùn wọn fi há.

Ìgbà náà ni ẹlẹ́sẹ̀ tútù la ẹnu.

"Oyèbọ̀dé lorúkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ ní erékùṣù yẹn, mo mọ ibi tí omi mímu wà. Èmi ni n ó gbé ọkọ̀ wá. Ẹ ṣáà yan olórí."

Wọ́n nawọ́, ọkọ mi wọlé. Oyèbọ̀dé fa fìlà kan yọ lábíyá, ó fi ọwọ́ méjèèjì dé e fún un. Yẹ̀kínì ń lọgun pé èrú wà nínú ìbò. Inú ọkọ mi dùn débi pé kò béèrè ìdí tí fìlà náà fi tutù.

Fìlà kò ṣí mọ́. Mo fà á, Asimawu fà á, a fi ọṣẹ sí i, a fi epo pupa sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ní kí ó ṣí fìlà nínú ilé Olúwa. Nígbà tí kò ṣí i, wọ́n ní kí ó máa lọ sẹ́yìn fèrèsé. Ọkọ mi ní ìlara ni.

Ẹ̀rín ṣì ń pa mí títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lójú oorun ọ̀sán. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀bọ̀kún sọ tẹnu rẹ̀ tán! Ìwọ akàn, ta ló fún ọ láyè ọ̀rọ̀?" Ẹjọ́ ẹja ló ń dá. Ojoojúmọ́ ni ẹní rẹ̀ ń tutù sí i, ojoojúmọ́ ni oorun rẹ̀ sì ń jìn sí i. Lọ́jọ́ kan mo jí i, jí i, kò jí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ìsàlẹ̀ àmù. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo rí i pé ọkọ mi ń lọ, kò sì sí ẹni tó gbé e.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún péjọ, Oyèbọ̀dé ti wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ìgbà wo ni sáà olórí máa ń parí?"

Oyèbọ̀dé dá mi lóhùn. "Èmi ni olórí tó wà ní erékùṣù yẹn, ọma mi. Ìlú Awa ni ulé mi. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ṣeré síbẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe olórí. Mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ nídìí ọbẹ̀. Òyìnbó kò tíì dé Ìjẹ̀bú nígbà yẹn. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ ulé."

"Astagfirulahi!" Asimawu ní.

Ọkọ mi fò dìde. "Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀!" Fìlà kò mira.

"Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣì ń fẹ́ oyè náà, fìlà kò ní í ṣí," Oyèbọ̀dé wí. Gbogbo wa wo Yẹ̀kínì. Lójú ẹ̀rù yẹn náà, ọkùnrin yìí ń wo fìlà bí ọmọ tí ń wo àkàrà.

Mo bọ́ sáàárín ilé. "Ẹ dìde! Kí oníkálukú sọ ọ́ sókè pé òun kò ṣe olórí!" Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Yẹ̀kínì, Asimawu já a léèékánná kí ó tó sọ ọ́. Fìlà jábọ́. Mo dì mọ́ ọkọ mi, mo sunkún ayọ̀.

"Asimawu, ṣílẹ̀kùn! Yẹ̀kínì, ká kánfáàsì yẹn! Kò sí àgọ́ mọ́!" Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Oyèbọ̀dé gbé fìlà nílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Gbogbo wọn ló gbọ́ tìrẹ," ó wí. "Mo ti rí olórí." Ó dé e fún mi. Ó bá orí mi mu rẹ́gí.

Mo fà á, kò ṣí. Mo kígbe pé ta ló ṣì ń fẹ́ oyè náà? Yẹ̀kínì fi Kùránì búra pé òun kọ́.

Nígbà tó yá, oorun gbé èmi náà wá sí erékùṣù, ibí ni mo sì wà láti ìgbà náà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ẹja epìyà fẹ́ràn ẹjọ́ jù. Wọ́n ní Oyèbọ̀dé ṣì ń rìn káàkiri Awa, ó ń béèrè ilé tó ti di ojú ọjà.

Ọkọ mi ń wọ ọkọ̀ wá sí etídò. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń béèrè ibi tí mo fi iyọ̀ sí. Nísinsìnyí ẹkún ló ń sun, ó ní ilé ti sú òun, Rachel ọmọ wa ń béèrè mi. Ọkàn mi bàjẹ́. Lánàá, mo bọ́ sínú omi dé orúnkún, mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá Rachel," mo ní, "ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ oyè yìí."

"N kò fẹ́ ẹ," ó wí, "Olúwa gbọ́, n kò fẹ́ ẹ mọ́!"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì fa fìlà. Kò mira. Ọkọ mi bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀.