Olè Tó Dọ̀bálẹ̀ Kí Bàbá Ọdẹ

Igbe tí Mọ́láyọ̀ ké nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, alùpùpù ò lè lé e bá. Ó gba Ilé-Ogbó kọjá, ó yà sí Kuta, ó mu omi díẹ̀, ó sì tún padà sí Ìwó wá bá ẹni tó ni ín. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ọ̀nà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹun.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gbé báàgì mi!"

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ohun tó wà nínú báàgì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ń sunkún nítorí kóòmù àti àtíkè. Mọ́láyọ̀ ni kíípà ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Nàìjíríà tó ń gbá họ́kì orí yìnyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàtà tí ọ̀bẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ló ń wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa fi gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tó dà bí ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ yẹn le ju orí olóríkunkun lọ, ó sì ń sáré ju ìròyìn burúkú lọ. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ilé láìwọ ìhámọ́ra, Ìbàdàn ni yóò ti lọ ṣa eyín rẹ̀. Ìhámọ́ra yẹn ló wà nínú báàgì: akoto, ìbòjú, tìmùtìmù ẹsẹ̀, àti bàtà ọlọ́bẹ.

Kò sí yìnyín ní Ìwó, àfi èyí tó wà nínú fíríìjì àwọn olómi tútù. Ṣùgbọ́n Kóòṣì Oyèlẹ́yẹ, ọmọ bíbí ìlú, tó lo ọdún méjìlélógún ní Kánádà, gba ilé ìkó-kòkó àtijọ́ kan tó ṣófo, ó sì fi pákó ike funfun nínípọn tẹ́ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Bàtà ọlọ́bẹ ń yọ̀ lórí ike yẹn bí ìgbà tó wà lórí yìnyín gan-an. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ọ̀bẹ máa ń há ike náà díẹ̀díẹ̀, ìháhá rẹ̀ á wá funfun wínníwínní bíi gààrí, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ yìí gbégbá orókè ní ìpele tó kéré jù lọ, wọ́n sì gòkè. Lọ́dún yìí, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni yóò pàdé ní ìlú òtútù. Ẹni tó bá ṣe kìíní yóò tún gòkè. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn yóò já bọ́ padà sísàlẹ̀. Ìdájí Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ yóò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Láìsí báàgì, kò sí kíípà. Láìsí kíípà, kò sí ìdíje, wọ́n sì ti já bọ́ nìyẹn láì tíì gbọ́ òórùn yìnyín. Irú báàgì yẹn ò sì sí mìíràn láti Ìwó títí dé etí òkun.

Inspẹ́kítọ̀ Àrínọlá ni àwọn ọlọ́pàá rán wá. Obìnrin náà ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju àpótí ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lè ka lẹ́tà tí wọn ò tíì kọ. Ó wọlé tìgboyà-tìgboyà, ó gbẹ́sẹ̀ lé ike funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì lọ kí àjà. Fìlà rẹ̀ fò lọ sí ọ̀tọ̀. Ó balẹ̀ gbàmù, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba tuntun.

"Màdáàmù, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" ni Kóòṣì kígbe.

"Èmi ni mo fẹ́ jókòó," ni Àrínọlá dáhùn.

Nígbà tó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀ títí, ìháhá funfun ò kúrò. Ó mú ẹyọ kan láàárín ìka méjì, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá Abdulfatah, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé náà. Bàbá ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì.

"Bàbá, ta lẹ rí?"

"Rí kẹ̀? Ojú mi ò rí ju òjìji lọ, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ti lọ jẹun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàárì tán, mo jókòó lórí ẹní mi létí ibi funfun yẹn. Ẹnì kan gba ẹ̀yìn wọlé. Ó rí mi, ó dúró sójú kan. Ni mo bá gbọ́ gbìì! Ó dọ̀bálẹ̀."

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe balẹ̀. Àmọ́ kò fọhùn. Mo ní bóyá ìtìjú ló ń ṣe é. Mo wá ṣàdúrà fún un."

"Ẹ ṣàdúrà fún olè, Bàbá?"

"Ṣé wọ́n kọ olè síwájú orí ni? Mo ní, 'Dìde, ọmọ mi, ohun tí o wá wá, wàá rí i.'" Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó sì rí i."

Àrínọlá pa ẹ̀rín mọ́ra, ó wo àyíká. Ogún báàgì àwọn ọmọ yòókù wà níbẹ̀, fóònù mẹ́ta sì wà lórí wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Kóòṣì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màdáàmù, ẹ bi Lateefat. Òun ni kíípà kejì. Òun àti Mọ́láyọ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ lánàá."

Lateefat ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n bi í tán. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbaná jẹ. "Èmi kẹ̀? Báàgì kan náà làwa méjèèjì jọ ń lò! Bí mo bá jí i, kí ni màá wá wọ̀, ìkòkò ọbẹ̀? Lóòótọ́ la jà, ó pe ẹsẹ̀ mi ní ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí."

"Òótọ́ lo sọ," ni Àrínọlá wí. "Dìde."

Ẹni tó kù ni Ismaeel, tó máa ń pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn alápatà, òun náà ló sì ń bá wọn pọ́n bàtà ọlọ́bẹ. Ismaeel mọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ ilé kan, òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e ní wákàtí kejì.

"Ìgbà wo lo dọ̀bálẹ̀ kẹ́yìn?" ni Àrínọlá bi í.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni, Màdáàmù. Èèyàn mẹ́fà ló gbé mi dìde. Méjì nínú wọn ṣì ń fi àgbo ra ẹ̀yìn títí dòní."

"Dọ̀bálẹ̀ kí n rí i."

Ismaeel rọra lọ sílẹ̀. Ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó wá ń mì síwá mì sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi. Àyà rẹ̀ ò fojú kan ilẹ̀ rárá.

Bàbá Abdulfatah mi orí láti orí ẹní wọn. "Kì í ṣe eléyìí. Eléyìí kò tíì délẹ̀."

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, Àrínọlá yà sílé àwọn Mọ́láyọ̀ láti bá wọn kẹ́dùn. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì àti díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣì wà nínú aṣọ iṣẹ́, táì dúdú lọ́rùn. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì ké pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mejìlá lórí ọ̀rọ̀ báàgì náà.

"Ẹ̀yin náà máa ń lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gbá a?" ni Àrínọlá bèèrè.

"Rárá o, Màdáàmù. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ nǹkan funfun yẹn, ẹsẹ̀ mi ò kan ibẹ̀ rí. Iṣẹ́ báǹkì ò gbà mí láyè."

Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ rí ibi tí ojú Àrínọlá lọ.

"Ọlábánjí nìyẹn, àkọ́bí mi. Òkè òkun ló lọ. Ọdún kẹta rèé tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn." Ó gbé ojú kúrò. "Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

"Ó kúkú yẹ kó sá." Àrínọlá tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Kí ló ta sí yín lára táì, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ wo àyà rẹ̀. Nǹkan funfun wínníwínní wà níbẹ̀. "Háà, gààrí ni. Mo mu gààrí lọ́sàn-án. Màmá mi ló fi ránṣẹ́ láti Olúpọ̀nnà."

"Gààrí Olúpọ̀nnà dára o. Ẹ jẹ́ n bá yín nù ún." Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún, ó ká a, ó sì fi í sápò.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé jọ sínú ilé ìkó-kòkó náà. Ojú Mọ́láyọ̀ ti wú bí àkàrà. Ó ku wákàtí mẹ́rìndínlógún kí ọkọ̀ gbéra. Ife omi méjì ni Àrínọlá gbé ka orí tábìlì.

"Gààrí nìyí," ni ó wí, ó sì bu díẹ̀ sínú ife kìíní. Gààrí náà rì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. "Èyí sì ni gààrí tí mo nù kúrò lára táì Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ lánàá." Ó tú áńkáṣíìfù sínú ife kejì. Nǹkan funfun náà léfòó. Wọ́n dúró títí, kò rì, kò wú. "Sà, ẹ mu ún kí n rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ ò mu ún. Òógùn bò ó, ìyẹn nìkan tó láti fi rẹ gààrí àpò kan.

"Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rò ó," ni Àrínọlá wí. "Olè gidi ì bá ti kó fóònù. Ẹni yìí fi fóònù sílẹ̀, ó gbé báàgì kan ṣoṣo. Kì í ṣe ohun títà ló ń wá; ó fẹ́ kí ọmọ kan má lọ. Ìkejì, olè tó bá rí ọdẹ, sísá ló ń sá. Eléyìí rí arúgbó tí kò ríran, ó lè rìn kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kọ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ láti rí àgbà kó má kí i. Kó tó ronú, ó ti dọ̀bálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀ ni, àyà rẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ismaeel ò tilẹ̀ lè balẹ̀. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ lórí ike yìí, èèmọ́ ike á bá a délé. Ẹ̀yin sì sọ pé ẹsẹ̀ yín ò kan ibí rí. Bóyá òótọ́ ni ti ẹsẹ̀, sà. Àyà yín ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀.

"Dádì?" ni Mọ́láyọ̀ pè.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ náà sọ pé òun á padà," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mo gbé báàgì náà lọ sọ́dọ̀ màmá mi. Mo rò pé bí ọkọ̀ bá lọ tán, màá sọ pé mo rí i. Mọ́láyọ̀, ìwọ nìkan ló kù nílé."

Mọ́láyọ̀ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dádì, wọn ò ní gààrí níbẹ̀. Báwo ni màá ṣe dúró? Mo máa padà. Lójoojúmọ́ ni màá pè yín, tó fi máa sú yín."

"Kò lè sú mi."

Kóòṣì Oyèlẹ́yẹ na ọwọ́ sókè. "Màdáàmù, mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Báàgì ni mo ń wá."

"Ó dáa," ni Àrínọlá wí. "Ṣùgbọ́n sà, orí yín lẹ máa fi ru báàgì yẹn dénú ọkọ̀ lọ́la. Ẹ sì tún padà kí Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fọhùn."

Kí oòrùn tó wọ̀, báàgì ti dé láti Olúpọ̀nnà. Adìẹ ìyá àgbà ti gba akoto kíípà, ó sì ti yé ẹyin kan sí i. Ojú tí adìẹ yẹn fi wo ọlọ́pàá tó wá kó ẹrù, bí ẹni pé òun ló sanwó ilé ni.

Ní ìlú òtútù, orílẹ̀-èdè kìíní gbá mẹ́jọ wọlé wọn, ìkejì gbá mẹ́fà. Nígbà tó di ìdíje ìkẹyìn, àwọn àti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kù sísàlẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù yóò já bọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ àti Bàbá Abdulfatah jókòó sínú ilé ìkó-kòkó, fóònù tó ń fi eré náà hàn wà láàárín wọn, Mọ́láyọ̀ sì ti ń pe bàbá rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìfo ọjọ́ kan. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n gbá ọṣẹ dúdú yẹn sí Mọ́láyọ̀. Ogójì ló kọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà gbá méjì wọlé. Wọn ò já bọ́.

Bàbá gbọ́ gbìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ ṣé o, Bàbá! Ọlọ́run, ẹ ṣé!" Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ nà gbalaja lórí ike funfun, tẹ̀rín-tẹkún.

"Hẹn-ẹ́n," ni Bàbá wí. "Ìró rẹ̀ nìyẹn. Dìde, ọmọ mi. Ohun tí o wá wá, o ti rí i."

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mọ́láyọ̀ jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n pe àwọn olópẹ̀ẹ́ síwájú, ìyá kan rí nǹkan funfun lára táì díákónì, ó na ọwọ́ láti bá a gbọn ọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ fi ọwọ́ bò ó. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọpẹ́ mi ni."