Ìwé Tí Zùlàíkhà Fà Ya

Zùlàíkhà gbé ìgò ìdin rẹ̀ sún mọ́ ojú, ó pòṣé. Eṣinṣin kéékèèké mẹ́ta tún ti jáde, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ìwé tí wọ́n ń kà nílé ẹ̀kọ́ sọ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìdin orí máńgòrò tó ti sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo máa ń jáde di eṣinṣin. Tirẹ̀ ń jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bó ṣe wù wọ́n.

Olùkọ́ ti ní kí olúkúlùkù máa kọ wákàtí tí eṣinṣin rẹ̀ ń jáde sílẹ̀. Ọmọ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje ní àdúgbò Plateau láàárín ìlú, Zùlàíkhà sì ti fọ́nnu ká gbogbo Boukoki, àdúgbò wọn, pé òun ni. Kí ló máa wá wí? Ó fa ojú ìwé mẹ́fà tó kọ òtítọ́ sí ya, ó sọ ọ́ sínú iná èédú tí wọ́n fi ń se tíì, ó sì kọ òmíràn pé gbogbo wọn jáde láfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀kan kò pẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Mùsíọ̀ Boubacar, olùkọ́ wọn, kà á tán, ó béèrè ibi tó gbé ìgò sí. Láìfura, Zùlàíkhà dáhùn pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òròmọdìẹ ìyá òun ni, níbi tí gílóòbù sólà ti ń tàn tọ̀sán-tòru kí òtútù má baà pa wọ́n.

Olùkọ́ pa ìwé dé. "Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni eṣinṣin fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Níbi tí ilẹ̀ kì í ṣú, báwo ni wọ́n ṣe mọ àfẹ̀mọ́júmọ́? Kí lo rí gan-an?"

Ojú ti Zùlàíkhà. Ó jẹ́wọ́, omijé ń bọ́.

"Ohun tó o rí yẹn kò sí nínú ìwé wa," ni olùkọ́ wí. "Òun ni ì bá gbé ọ lọ. Níbo ló wà?"

"Mo ti sun ún, Mùsíọ̀."

Yàqúb, ọmọ kíláàsì wọn, ló lọ sí Plateau, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó kọ sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ pé: "Mo sùn lọ, n kò rí nǹkan kan." Ó dun Zùlàíkhà wọ egungun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgò kan sábẹ́ gílóòbù, ó gbé èkejì sójú fèrèsé, ó sì ń kọ ohun tó bá rí.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ Zùlàíkhà kò tilẹ̀ dé ọjà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sun ún, oníbàárà sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ.